Ọṣẹ tí mi ò kọ sínú ìwé ìsìnkú bàbá mi

Nínú ẹbí wa, èmi ni akọ̀wé. Wọn ò dìbò yàn mí o, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún mi rí. Ohun tó fà á ni pé tíṣà Yorùbá ni mí, ọdún 35 gbáko ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òwe, àlọ́ àti àròkọ kí n tó fẹ̀yìntì ní 2018. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti kú nínú ẹbí, yálà ní Oǹdó tí wọ́n ti bí mi, tàbí níbí ní Àkúrẹ́ tí mò ń gbé, kí wọ́n tó gbé òkú dé mọ́ṣúárì ni fóònù mi á ti máa dún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ìtàn ìgbésí ayé màmá. Àwọn tó ń tẹ̀wé ń fẹ́ ẹ lọ́la."

Ọ̀la kẹ̀! Èèyàn lo ọgọ́rin ọdún láyé, wọ́n ní kí n kọ ọ́ tán kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ irú ìwé tí mò ń sọ. Ìwé ètò ìsìnkú ni, èyí tí wọ́n máa ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí bébà rẹ̀ máa ń dán, tí fọ́tò olóògbé máa ń wà níwájú. Orin wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdárò náà ò gbẹ́yìn. Ojú ewé kejì tàbí ìkẹta ni ìtàn ìgbésí ayé máa ń wà. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lákọ̀ọ́sórí: wọ́n bí olóògbé ní nǹkan bí ọdún báyìí, sínú ìdílé báyìí, wọ́n jẹ́ onínúure, wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n fẹ́ràn àlejò. Nínú gbogbo èyí tí mo ti kọ, kò sí òkú kan ṣoṣo tó jẹ́ ahun. Kò sí èyí tó bínú rí. Kò sí èyí tó jẹ gbèsè. Bí ọmọ kan bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ìyá rẹ̀ jẹ́ gan-an, ibẹ̀ kọ́ ni yóò ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan ló dá a sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Ti bàbá tó bí mi lọ́mọ ni.

Ní 2009 ni bàbá mi jáde láyé. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan nílé mi ní Òkè-Àró, NEPA ti múná lọ, mo tan àtùpà, mo sì kọ ìtàn wọn láàárín wákàtí méjì péré. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá ní oko kòkó ńlá lọ́nà Bọ́lọ́rundúró. Mo ní àpò kòkó tí wọ́n ń tà lọ́dọọdún ni wọ́n fi rán àwa ọmọ níwèé, pé bí kì í bá ṣe oko yẹn ni, a ò bá má da nǹkan kan. Ẹ̀dà 500 ni wọ́n tẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, àbúrò mi ọkùnrin sunkún, inú tèmi náà sì dùn pé mo kọ nǹkan gidi.

Ìyá mi jókòó síwájú nínú aṣọ dúdú. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ọdún 15 ni wọn ò fi sọ nǹkan kan.

Ìgbà tí àbúrò bàbá mi obìnrin kú ní 2024 ni ojú mi là. Wọ́n tún pè mí bí ìṣe wọn. Mo ní kí àwọn ọmọ olóògbé wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìyá wọn. Mẹ́rin ni wọ́n, ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì sọ. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú tí màmá náà gbé kí wọ́n tó padà sí Oǹdó. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí wọ́n fi kúrò lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ àkọ́kọ́. Ọ̀kan tiẹ̀ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, àbí ọkọ méjì ni màmá wa fẹ́ ni?" Ọmọ bíbí inú wọn ló ń bèèrè lọ́wọ́ mi! Gbogbo ẹni tí a lè bi ló ti sùn sábẹ́ ilẹ̀. Kí ni mo wá ṣe? Mo kọ ọ́ pé onínúure ni wọ́n.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀ ní Àkúrẹ́ láti ibi ìsìnkú náà, mo ń ro ó nínú mọ́tò pé ta ló kàn. Mo mọ ẹni tó kàn, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà sì bà mí. Mo wá pinnu pé mi ò ní jókòó kọ ti ìyá mi lóru ọjọ́ kan bí ẹni ń kọ lẹ́tà ìgbàyè. Mo máa kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣì lè dá mi lóhùn, tí wọ́n ṣì lè sọ pé, "Irọ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Oǹdó ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Ọ̀nà náà ò jìn. Èèyàn á wọkọ̀ ní Àkúrẹ́, ó di Ọ̀wẹnà níbi tí wọ́n ti ń na ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran ìgbẹ́ sí èèyàn lójú fèrèsé, ó di Bọ́lọ́rundúró, lẹ́yìn náà ni Oǹdó. Ìwé kan àti gègé kan wà nínú àpò mi, mo sì tún ní fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá mi wo ìwé, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Kí ló wá dé tí o fẹ́ kọ ìtàn mi?"

Ẹ má rín wọn o. Bí a ṣe sọ ọ́ dà nìyẹn. A ti jẹ́ kó di pé òkú nìkan ni wọ́n ń kọ ìtàn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìwé síwájú àgbà tó ṣì wà láyé dà bí káfíńtà tó gbé téèpù wá láti wọ̀n ọ́n fún pósí. Màmá kan tó jẹ́ aládùúgbò tiẹ̀ ké mọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà pé kí n má fi ìwé pe ikú fún ìyá mi.

Fágúnwà ló gbà mí lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ̀ pé ará ibí ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí Oǹdó. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé nínú "Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀", ìwé tó jáde ní 1938, kì í ṣe akọ̀wé ló lọ ká arúgbó mọ́lé. Arúgbó náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá akọ̀wé, tó ní kó mú nǹkan ìkọ̀wé kó máa kọ ohun tí ojú òun rí sílẹ̀, kó má bàa sọnù. Ó wà láàyè nígbà tó ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì wá jókòó tì í láti gbọ́ ọ.

Ìyá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Nínú ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ta ni ayé wá mọ̀?"

Mo ní, "Ẹni tó kọ ọ́ ni, Màmá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jókòó, ká bẹ̀rẹ̀."

Ìyá mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ohun tí ìyá tiwọn sọ fún wọn ni pé ọdún tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ni. Ìyẹn jẹ́ 1939. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń ṣírò gbogbo nǹkan yòókù. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, wọ́n ti ń lọ sí ọmọ ọdún 16. Àbúrò wọn ọkùnrin ni wọ́n mú lọ. Àwọn ló ń gbé ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé láràárọ̀, wọ́n á dúró sẹ́bàá fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì gba oko lọ. Wọ́n ní A, B, D tí àwọn mọ̀ títí dòní, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ni àwọn ti jí i gbọ́.

Mo kọ ìyẹn sílẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé irú ìtàn tí màá máa rí nìyẹn, èyí tó dùn, tí kò ní ariwo. Sátidé kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mo bi wọ́n léèrè nípa oko kòkó, kí n lè fi ohun tí mo kọ ní 2009 kún un. Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kí n lọ gbé àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá. Wọ́n ṣí i, wọ́n yọ ìwé ìsìnkú bàbá mi jáde, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé dáadáa. Ẹ rántí pé ìyá mi ò lè kàwé.

Wọ́n ní, "Wọ́n kà á fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ní kí wọ́n kà á. O kọ ọ́ dáadáa. Ọṣẹ nìkan ni mi ò gbọ́ níbẹ̀."

Mo ní, "Ọṣẹ wo, Màmá?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ọdún 63 ni mí lọ́jọ́ yẹn, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi.

Ní 1972 ni bàbá bàbá mi kú. Bàbá mi ni àkọ́bí. Ẹbí ní òkú ọlọ́lá ni, wọn ò gbọ́dọ̀ sin ín bí òkú ajá. Màlúù ni wọ́n pa, onílù ni wọ́n pè, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi jẹun. Owó tí wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, oko kòkó ni bàbá mi fi dógò lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ra kòkó. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà lágbègbè wa mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó yáni lówó á máa kó kòkó oko náà títí dìgbà tí olóko bá rí owó rẹ̀ san. Ọdún méje ni ẹlòmíràn fi kórè oko wa.

Ṣùgbọ́n mo rántí dáadáa pé bàbá mi ń lọ sóko láràárọ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Àdá wọn wà léjìká, wọ́n á jáde kílẹ̀ tó mọ́, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi.

Wọ́n ní, "Àgbàṣe ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀." Nínú oko ara wọn! Wọ́n ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gba oko, kí àwa ọmọ má bàa mọ̀, kí àdúgbò má bàa mọ̀.

Owó àgbàṣe ò sì tó rán ọmọ níwèé. Ní 1973, ọdún tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, ni mo wọ ilé-ìwé girama. Ẹni tó gba oko ń kó hóró kòkó lọ, èèpo nìkan ló ń fi sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń ra èèpo. Ìyá mi ló lọ ń kó o. Wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, wọ́n á jó o di eérú, wọ́n á da omi sí eérú náà nínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀. Omi yẹn ni wọ́n á gbé kaná pẹ̀lú àdín, tí wọ́n á máa fi orógùn rò ó, títí yóò fi ki, tí yóò fi dúdú. Bí ẹ bá ti ro ọṣẹ dúdú rí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Omi eérú ń jẹ èèyàn lára, èéfín ń fọ́ni lójú. Àpá kan wà lápá òsì ìyá mi. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí i. Mo rò pé wọ́n bí wọn mọ́ ọn ni.

Ọṣẹ yẹn ni wọ́n ń tà lọ́jà Oǹdó àti ní Ọ̀wẹnà tí wọ́n fi san owó ilé-ìwé mi fún ọdún márùn-ún, tí wọ́n sì fi san ti àbúrò mi obìnrin. Èmi jáde ní 1978. Ní 1979 ni ìjọba Ajáṣin wọlé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n sọ ilé-ìwé girama di ọ̀fẹ́. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí. Ọ̀fẹ́ 1955 dé nígbà tí ìyá mi ti dàgbà jù fún un. Ọ̀fẹ́ 1979 dé nígbà tí èmi ti ṣe tán. Láàárín ọ̀fẹ́ méjèèjì, ọṣẹ ló wà níbẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá mi lọ́jọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi ẹ̀wù funfun nulẹ̀. Wọ́n ní, "Kì í ṣe irọ́ lo pa. Kòkó náà ni. Èèpo rẹ̀ ni."

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí mo kọ ìtàn yìí ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi lórí WhatsApp, ilé dàrú. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sunkún, ó ní òun máa ń rántí òórùn àdín láràá aṣọ ilé-ìwé òun, ojú sì máa ń ti òun nígbà náà. Àmọ́ èyí ọkùnrin tó wà ní Èkó, ẹni tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ Ajáṣin ló kà, bínú gidi. Ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ bú Bàbá nínú sàréè ni? Ta ni yóò gbọ́ pé wọ́n fi oko dógò tí kò ní fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí òbí fi pamọ́ fún ọmọ, ọmọ ò kàn gbọdọ̀ máa tú u síta torí pé ó mọ̀wé kọ. Àwa tí a ń kọ nǹkan máa ń gbàgbé ìyẹn. Ìtàn ìyá mi kì í ṣe tèmi nìkan, ti bàbá mi náà ni, bàbá mi ò sì sí níbẹ̀ láti fèsì. Mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ìyá mi gbọ́ ẹjọ́ wa méjèèjì. Wọ́n ní, "Bàbá yín ò jalè, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò lu jìbìtì. Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe kọ ti ọṣẹ mi nìkan. Kọ ti àgbàṣe náà síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe yẹn le ju ọṣẹ lọ."

Mo rò pé wọ́n sọ òótọ́. Bàbá olóko ńlá tí mo kọ sínú ìwé 2009, irú rẹ̀ pọ̀ nínú gbogbo ìwé ìsìnkú. Èyí tó ń ṣe lébìrà nínú oko ara rẹ̀ fún ọdún méje kí ọmọ rẹ̀ má bàa tijú, mi ò tíì kà nípa irú rẹ̀ rí. Ìyìn tí mo kọ ló fi í pamọ́. Kókó tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyẹn: ìyìn lásán kì í bu iyì kún òkú, ńṣe ló máa ń sọ ọ́ di ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Àsè ọjọ́ mélòó kan ní 1972, ọdún méje ni wọ́n fi san án. Ṣé ó ti yí padà? Lónìí, kọ́párétífù ni a ti ń yá a, àbí a ta ilẹ̀. Ká máa pa màlúù fún ẹni tí a ò mọ ohun tó là kọjá, ká tẹ ìwé aláràbarà fún ẹni tí ẹnikẹ́ni ò jókòó tì rí kó bi í pé, "Màmá, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Ìwé olójú ewé 60 tí mo ń lò yìí, owó rẹ̀ ò tó owó páálí omi inú ọ̀rá méjì.

Mo ń kánjú báyìí. Kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Nínú òjò ọdún tó tẹ̀lé e, mo dé Oǹdó ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ìyá mi kí mi káàbọ̀, wọ́n sì bi mí bóyá wọ́n ti fún mi lóúnjẹ níléèwé. Orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi pè mí, ọmọ tí wọ́n ń mú lọ sílé-ìwé ní 1955. Mo dá wọn lóhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Wọ́n ti fún mi." Wọ́n ní ó dáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n mọ̀ mí, wọ́n sì ń bi mí ìgbà tí mo dé.

Dókítà ní ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni, pé kò ní padà sẹ́yìn, pé a lè ràn wọ́n lọ́wọ́ kó rọra rìn. Mo ti kọ́ àwọn nǹkan díẹ̀. Mo mọ̀ pé àárọ̀ ló mọ́ kedere fún wọn, ìrọ̀lẹ́ máa ń dà wọ́n rú, nítorí náà mọ́tò àkọ́kọ́ ni mò ń wọ̀ kúrò ní Àkúrẹ́ báyìí. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi wọ́n ní "ọdún wo," wọ́n á sọnù, ṣùgbọ́n bí mo bá fi nǹkan lé wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á máa jáde. Mo ra ọṣẹ dúdú ní Ọjà Ọba nílùú Àkúrẹ́, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n rún un láàárín ìka, wọ́n ní, "Àdín inú eléyìí ò tó. Wọ́n rẹ́ ọ jẹ." Lọ́jọ́ yẹn, wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ mi ò tó gbogbo rẹ̀. Ìyá mi kì í pe owó ní owó, "eghó" ni wọ́n ń pè é, bí ará Oǹdó gidi. Èmi tí mo fi ọdún 35 kọ́ àwọn ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, nínú lẹ́tà 25 tó wà níbẹ̀, mi ò rí èyí tó lè gba ohùn yẹn dúró. Yorùbá tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 dáa, òun ni mo fi jẹun, àmọ́ ìyá mi ò sọ ọ́ rí. Mo ti wá pinnu pé ohun tí wọ́n bá sọ gan-an ni màá kọ, "gh" rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní àkọtọ́ mi ò dáa, kó lọ bá ìyá mi jà.

Fóònù náà já mi kulẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lápò mi nínú èrò, ohùn Sátidé mẹ́ta bá a lọ. Ọjọ́ náà ni mo rántí Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìwé náà sì rá mọ́ wọn lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901 láìrí i. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀, ìgbà tó sì fi máa jáde ní 1921, Obadiah náà ti kú. Bí kì í bá ṣe àwọn bébà tó kù sílé yẹn ni, ìwé tí gbogbo wa ń tọ́ka sí lónìí ì bá ti di ìtàn. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ni mò ń ṣe báyìí, ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, ọ̀kan wà nínú àpótí onírin ìyá mi, pẹ̀lú ìwé ìsìnkú bàbá mi.

Èmi náà ń dàgbà. Ìgbà mìíràn mo máa wá awò ojú mi títí, orí mi ló wà. Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n díẹ̀ tí mo bá ti kọ ojú ewé méjì, nítorí náà, ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn tó ń kàwé ní FUTA ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹ ibi tí ìyá àgbà ti ń kó èèpo kòkó tán, ó yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, ta ló máa kọ tiyín?" Mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, mi ò rí ẹ̀fẹ̀ kankan sọ. Mo wá sọ fún un pé kó máa bi mí ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn oúnjẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé kí ló dé tí mo fi ọdún mẹ́fà bínú sí bàbá mi. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, tí ìyá tàbí bàbá yín bá ṣì ń mí, ẹ má dúró dìgbà tí onítẹ̀wé bá pè yín. Ẹ bi wọ́n nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, kì í ṣe oyè tí wọ́n jẹ nìkan. Ẹ béèrè ohun tó bà wọ́n lẹ́rù jù, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún yín. Ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á padà sí wọn létí, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín jiyàn. Ohun tí wọ́n bá sì ní kí ẹ má kọ, ẹ má kọ ọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ka ibi tí mo dé fún ìyá mi láàárọ̀ kùtù. Wọ́n dijú, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo dé ibi ọṣẹ, wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní mo gbàgbé láti kọ ọ́ pé òun nìkan kọ́ lòun ń rò ó, pé lóru, tí àwa ọmọ bá ti sùn, bàbá mi máa ń gba orógùn lọ́wọ́ òun.

Mo ti fi kún un.